Bí ẹ ṣe lè wé kọ́ìlì vape yín fúnra yín kí adùn rẹ̀ lè jáde

Ìbéèrè kan náà ni lójoojúmọ́. Àwọn oníbàárà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Adó-Èkìtì, wọ́n á gbé vape wọn (sìgá oníná tó ń sọ omi aládùn di èéfín) lé orí tábìlì mi, wọ́n á ní: "Bọ̀ọ̀dá, omi yìí dùn nígbà tí mo fà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Nínú tèmi, bí ẹni ń fa afẹ́fẹ́ lásán ni. Èwo ni kí n lọ rà?" Ó ti sú mi láti máa tún un sọ bí ayékòótọ́, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí kí a tó lọ jìnnà: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ kò nílò láti ra nǹkan kan. Òwú inú rẹ̀ tó ń fa omi ni. Bí kì í bá ṣe òwú, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń lu kọ́ìlì (wáyà wíwé tó ń gbóná nínú rẹ̀) ni. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, iná ti pọ̀ jù. Mo ti rí àtọ́máísà (orí vape) olówó ńlá tó ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó, mo sì ti rí ọ̀kan tó ti ha kárí ara, tí wọ́n rà ní tòkunbọ̀, tí adùn rẹ̀ ń jáde bí ìgbà tí èèyàn bó ọsàn sẹ́nu.

## Ẹ gbọ́ èyí ná

Ẹni tí kò bá mu sìgá rí, kò sí ìdí tó fi yẹ kó bẹ̀rẹ̀ vape torí pé wọ́n ní ó ní adùn máńgòrò. Nikotíìnì inú rẹ̀ ń di bárakú. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, àti aláboyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá lọ. Àwọn àgbà tó ti ń fa nǹkan yìí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kàn fẹ́ kó dára, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

## Irú èyí tí à ń sọ

Àtọ́máísà ni orí tó wà lókè ilé bátìrì, níbi tí omi ti ń di èéfín. Èyí tó pọ̀ lọ́jà, ilé iṣẹ́ ló ti ṣe kọ́ìlì rẹ̀. Tó bá jó, ẹ ó yọ ọ́ sọnù, ẹ ó ra òmíràn. Èyí tí mo ń wí, ẹ̀yin lẹ máa wé wáyà rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fa òwú bọ̀ ọ́. Orúkọ mẹ́ta lẹ máa rí lára páálí rẹ̀:

- RDA: kò ní táǹkì. Ẹ ó máa kán omi sórí òwú rẹ̀ lẹ́yìn ìfà bíi mélòó kan.
- RTA: táǹkì yí i ká. Ẹ ó rọ omi sí i, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.
- RDTA: ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Táǹkì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìdí òwú á gùn wọ inú rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ wọn, pẹpẹ kan wà tí òpó méjì dúró lé lórí. Ẹsẹ̀ wáyà á wọ inú òpó, skúrù á dì í mú. Ìyókù ò le.

## Èwo ni kí ẹ rà?

Tó bá jẹ́ pé nílé nìkan lẹ ti fẹ́ máa fà á, tí ẹ fẹ́ máa tọ́ oríṣiríṣi omi wò, ẹ ra RDA. Kò sí èyí tí adùn ń jáde nínú rẹ̀ tó o, ẹ sì lè pààrọ̀ òwú rẹ̀ kí omi tó hó lórí sítóòfù. Àmọ́ ẹni tó ń gun ọ̀kadà, tó ń wa mọ́tò láti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, tàbí tó jókòó ti kọ́ńtà ní gbogbo ọjọ́, kí ló fẹ́ fi kíkán omi ní wákàtí wákàtí ṣe? Kó ra RTA.

Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi ìtóbi tàn yín. Wọ́n á ní èyí gba kọ́ìlì méjì, wọ́n á ní èéfín rẹ̀ máa bo yàrá. Èéfín ni wọ́n ń tà fún yín yẹn, kì í ṣe adùn. Yàrá inú àtọ́máísà tó bá tóbi yí kọ́ìlì ká, èéfín á tàn káàkiri inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á là á, á ti tẹ́ kó tó dé ahọ́n yín. Fún adùn, ohun tí mo máa ń wò nìyí:

- Kọ́ìlì kan ṣoṣo ló gbà. Ìbú rẹ̀ wà láàárín mílímítà 22 sí 24.
- Yàrá inú rẹ̀ kéré, òkè inú ìdérí rẹ̀ sì sún mọ́ kọ́ìlì.
- Ihò afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu kọ́ìlì gan-an, láti abẹ́ rẹ̀ tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo inú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba orí kọ́ìlì kọjá, ẹ fi í sílẹ̀.
- Ẹ lè ṣí ihò náà tàbí kí ẹ dín in kù.
- Orí skúrù rẹ̀ tóbi tó kí skudiráfà lè mú un. Skúrù kéékèèké tí ẹnu wọn máa ń yọ̀, ìyà ni.
- Skúrù, rọ́bà àti gíláàsì àfirọ́pò wà nínú páálí.

Ọ̀nà ìfà yín náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan ń fà á bíi sìgá: wọ́n á kọ́kọ́ fà á sẹ́nu, wọ́n á wá fà á sínú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ihò tóóró, bíi mílímítà kan sí kan àbọ̀. Àwọn kan ń fà á tààrà sínú àyà. Tiwọn gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ra ti èkejì kí ẹ wá máa retí pé kó ṣe bí ti èkíní.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, láti Èkó ni wọ́n ti ń fi mọ́tò gbé e wá fún wa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà ṣí ìdérí, kó ya fọ́tò pẹpẹ àti ìdí rẹ̀ ránṣẹ́. Bí àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ní, tí kò ní fọ́tò èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sanwó.

## Bátìrì: níbi tí mo ti ṣe àṣìṣe

Mo mọ̀ pé adùn lẹ wá gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bátìrì, torí òun ló lè bu ọwọ́ yín jẹ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo yọ bátìrì 18650 kan nínú tọ́ọ̀ṣì tí à ń fi iná sí, mo ki í bọ inú ẹ̀rọ vape mi. Gígùn kan náà, ìbú kan náà, kí ló tún kù? Rọ́bà pupa tó bò ó ti ya díẹ̀ létí. Mi ò kà á sí. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá rí i pé irin ọwọ́ mi ti ń gbóná bí ife tíì. Mo sáré yọ ọ́, mo jù ú sí àgbàlá lórí sìmẹ́ǹtì, mo dúró lókèèrè mo ń wò ó. Kò bú gbàmù, Ọlọ́run ló bá mi ṣe é. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ti fáànù kékeré àti èyí tí wọ́n tú jáde nínú bátìrì kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀n, ọ̀pọ̀ wọn ni wọn ò ṣe fún kí iná ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Vape ń fẹ́ iná ńlá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣírò rẹ̀ kò le. Bátìrì tó kún jẹ́ vólẹ́ẹ̀tì 4.2. Ẹ fi óòmù kọ́ìlì (ìwọ̀n bí wáyà rẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́wọ́) pín in, ẹ ó rí ámpù (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn jáde). Kọ́ìlì óòmù 0.5 á fa ámpù 8.4. Óòmù 0.2 á fa ámpù 21. Èyí tó bá kéré síi, ámpù rẹ̀ á tún lọ sókè. Nítorí náà:

1. Ẹ ra bátìrì tí a mọ ámpù rẹ̀, tó tó 20 sókè, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá.
2. 18650 tí wọ́n kọ 9900mAh (iye iná tó lè gbà pamọ́) sí lára, irọ́ ni. Kò sí èyí tó ń dé ibẹ̀.
3. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ya, ẹ wé òmíràn sí i, tàbí kí ẹ gbé e tì.
4. Ẹ má sọ ọ́ sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́. Ẹ ra àpótí rọ́bà rẹ̀.
5. Ẹ má gbé e sórí iná kí ẹ lọ sùn. Tí iná ìjọba bá ń lọ tó ń bọ̀, tàbí jẹnẹrétọ̀ ń já bọ́ tó ń gbéra, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ lo ẹ̀rọ tó ní kọ̀ǹpútà nínú, tó ń ka óòmù fún yín, tó sì ń kọ̀ láti tan iná bí wáyà bá bíríìjì (tí iná gba ọ̀nà tí kò yẹ). Páìpù onírin tí kò ní nǹkan kan nínú ju bọ́tìnnì lọ, àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún.

## Ohun tí ẹ máa tò sórí tábìlì

- Wáyà Kanthal, nọ́ńbà ìnípọn 26 tàbí 28. Òun ló rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Nichrome ń tètè gbóná, ṣùgbọ́n nickel wà nínú rẹ̀. Ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń yún, kó yàgò fún un.
- Òwú tí wọn kò fi kẹ́míkà sí
- Ọ̀pá tí a ó wé wáyà sí, mílímítà 2.5 tàbí 3. Ìdí irin ìluhò (drill bit), èyí tí kápẹ́ńtà ń lò, dára púpọ̀.
- Skudiráfà kékeré, ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ séráámíkì, ohun tí à ń fi gé wáyà, sísọ́ọ̀sì tó mú
- Abọ́ funfun kan, kí skúrù tó bá já bọ́ má bàa sọnù

Ẹ fetí sí mi lórí wáyà. Mo mọ ẹni tó tú wáyà inú họ́tì-pléètì iyàwó rẹ̀ láti fi ṣe kọ́ìlì. Wáyà tó ń gbóná ni lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ohun tí wọ́n fi bò ó, kò sì mọ ohun tó ti jó mọ́ ọn lára, ó sì fẹ́ fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Wáyà bàbà, wáyà ìdè ilé, wáyà inú fóònù: rárá ni gbogbo wọn.

Lórí òwú: èyí tí wọ́n ń tà nílé oògùn ṣe é lò bí kò bá sí nǹkan mìíràn, kìkì pé ìfà àkọ́kọ́ á máa rùn díẹ̀. Òwú inú pìlò àti fóòmù kì í ṣe òwú, rọ́bà ni, yíyọ́ ló máa yọ́. Òwú oko tí a kò tíì ṣe nǹkan kan sí náà ní ìda àti ìdọ̀tí nínú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ran án.

## Wíwé kọ́ìlì

1. Ẹ gé wáyà tó gùn bí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ di ẹnu rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ fà á nà kó tọ́.
2. Ẹ wé e mọ́ ọ̀pá, kí ìwé kọ̀ọ̀kan (yíyí wáyà ká ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan) fara kan èkejì bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Fún ìfà bíi sìgá: nọ́ńbà 28, ọ̀pá 2.5, ìwé mẹ́fà. Óòmù rẹ̀ á wà nítòsí 1.1. Fún ìfà tààrà: nọ́ńbà 26, ọ̀pá 3, ìwé márùn-ún tàbí mẹ́fà, á wà láàárín 0.7 sí 0.8.
3. Ẹ má yọ ọ̀pá. Pẹ̀lú ọ̀pá náà nínú rẹ̀, ẹ ti ẹsẹ̀ wáyà méjèèjì bọ inú òpó.
4. Ẹ dì skúrù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi agbára gé wáyà.
5. Ẹ gbé kọ́ìlì sí ààyè rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wá láti abẹ́, kí àlàfo mílímítà kan sí méjì wà láàárín ihò àti kọ́ìlì. Bó bá ń wá láti ẹ̀gbẹ́, kí kọ́ìlì dọ́gba pẹ̀lú ihò gan-an. Tó bá ga ju ihò lọ, afẹ́fẹ́ á kọjá lábẹ́ rẹ̀, adùn á sì dín.
6. Ẹ yọ ọ̀pá. Ẹ gé ìyókù ẹsẹ̀ wáyà kúrò títí dé ìdí òpó. Èyí tó bá yọ, tó fara kan ìdérí, á bíríìjì.
7. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ẹ ka óòmù. Tó bá ń fò sókè sódò, skúrù ti tú. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré jìnnà sí èyí tí mo kọ, wáyà ń fara kan ibi tí kò yẹ. Ẹ má tan án.
8. Ẹ dín iná kù sí wáàtì 10, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá kan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ yìí, ẹ má fi kánjú ṣe é. Kọ́ìlì tó dára, àárín rẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ pọ́n, pípọ́n náà á wá tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa, mo ń ṣe ọ̀kan nínú òkùnkùn. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i kedere pé ìwé kan létí òsì ń tàn yòò nígbà tí àwọn yòókù ṣì dúdú. Ní ojú ọ̀sán, mi ò bá má rí i. Àtìgbà yẹn, mo máa ń pa gílóòbù kí n tó yẹ kọ́ìlì wò. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ fi ẹnu ẹ̀mú séráámíkì ha orí kọ́ìlì jẹ́jẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fún un pọ̀ díẹ̀, kí ẹ tún tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má jẹ́ kó pọ́n rẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kó kàn pọ́n díẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀. Irin ẹ̀mú lásán kò dára níbí, torí bí ọwọ́ yín bá ṣì tẹ bọ́tìnnì, iná á gba inú rẹ̀ kọjá.

## Òwú: níbí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà

Ẹni tó bá ti lo fìtílà epo rí ti mọ iṣẹ́ yìí tán, kò kàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Bí ẹ bá ki òwú fìtílà le koko ní ọ̀nà rẹ̀, epo ò ní gòkè, òwú fúnra rẹ̀ ló máa jó. Bó bá tú jù, epo á kún un, á máa ṣèéfín, á máa kán sílẹ̀. Bí ti vape ṣe rí nìyẹn.

1. Ẹ gé òwú tó fẹ̀ ju ihò kọ́ìlì lọ díẹ̀. Ẹ bó awọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò bó bá ní.
2. Ẹ yí ẹnu rẹ̀ kan kó rí ṣóńṣó bí ẹnu okùn bàtà, kó lè wọlé.
3. Ẹ fà á gba inú kọ́ìlì. Ó yẹ kó dí ihò náà, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ń ha ara rẹ̀ díẹ̀. Bí kọ́ìlì bá ń tẹ̀lé e tàbí tó ń wọ́, ó ti pọ̀ jù. Bó bá ń yọ̀ wọlé láìsí ìdíwọ́, ó kéré.
4. Ẹ fà á síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan péré, kó lè tẹ́ dáadáa.
5. Ẹ gé ìrù méjèèjì. Fún RDA, kí wọ́n dé ìsàlẹ̀ kòtò omi, kí wọ́n sì ká síbẹ̀ láìdí ihò afẹ́fẹ́. Fún RTA, kí ìdí wọn kàn fara kan ìsàlẹ̀ ojú ọ̀nà omi, kó bò ó, kó má sì di pọ̀ nínú rẹ̀.
6. Ẹ fi ẹnu ẹ̀mú ya ìrù náà bí ìgbà tí èèyàn ń fi òòyà ya irun ọmọdé, láti ibi tó ti kúrò lára kọ́ìlì lọ sísàlẹ̀. Ní ti RTA, ẹ yọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò.
7. Ẹ kán omi sí i. Ẹ ó rí i pé funfun òwú á di bí omi ìrẹsì, á sì máa fà á lọ sínú kọ́ìlì. Bí apá kan bá ṣì funfun gbẹ, ẹ kán omi síbẹ̀.
8. Ẹ dé e, ẹ rọ omi sí táǹkì bó bá ní, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ lọ jẹ nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà ni gbogbo èèyàn ń fò. Ọmọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó ní òun ti pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pé ayédèrú ni gbogbo wọn. Mo ṣí i. Òwú tó wà nínú ọ̀nà omi rẹ̀ le bí kọ́ọ̀kì ẹnu ìgò. Mo fi ẹ̀mú fa díẹ̀ jáde, mo ya ìyókù, mo dé e padà fún un. Ó fà á, ó dákẹ́, ó tún fà á. Ló bá ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti da omi mẹ́ta nù o."

## Iná àti afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ dín àkàrà mọ̀ pé bí epo bá gbóná jù, ẹ̀yìn á jó, inú á wà ní tútù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kọ́ìlì óòmù 1.1, ẹ fi wáàtì 10 bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi ọ̀kan ọ̀kan lé e. Ó sábà máa ń dùn láàárín 12 sí 14. Óòmù 0.7 sí 0.8, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 18, kí ẹ lọ dé 28 ó pọ̀ tán. Níbi tí adùn bá ti kún ẹnu yín, ẹ dúró. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjóná díẹ̀, ẹ ti kọjá, ẹ padà.

Ẹ wá ṣí ihò afẹ́fẹ́ tán. Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á. Adùn á máa nípọn sí i títí dé ibì kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́nu. Ẹ ṣí i padà díẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, mo sì ti rí ẹni tó ní vape fún ọdún kan tí kò mọ̀ pé rìǹgì tó ń ṣí ihò afẹ́fẹ́, tó sì ń dín in kù, ń yí.

## Omi inú rẹ̀

Omi pod (vape kékeré) tí nikotíìnì rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 35 tàbí 50 nínú mílílítà kan, ẹ má dà á sínú RDA tàbí RTA ìfà tààrà. Èéfín ibí pọ̀ ju ti pod lọ fíìfíì; òyì á kọ́ yín, ẹ lè bì. 3 tàbí 6 ló yẹ fún ìfà tààrà.

Ẹ má fi òróró kankan sí i. Mo ń wí fún ẹ̀yin tí ẹ ń kán àbóníkì, Robb tàbí òróró mẹ́ńtì sí òwú kó lè tutù lọ́fun: ẹ̀dọ̀fóró kò mọ bí a ṣe ń da epo. Ní ọdún 2019, ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń fa vape bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2020, àwọn tí wọ́n kà lé ní 2,800, èèyàn 68 sì ti kú. Òróró fítámì E tí wọ́n fi ń lú omi igbó ayédèrú ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró púpọ̀ nínú wọn.

Omi tó dùn bíi ṣúgà, tó jẹ́ ti kéèkì àti mílíìkì, ń tètè dì mọ́ kọ́ìlì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ kàn máa tètè pààrọ̀ òwú. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sókè kọjá ọwọ́ ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mu, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

## Ohun tó ń ṣe é àti ohun tí ẹ máa ṣe

- Ó ń rùn bíi jíjóná láti ìfà kìíní: òwú pọ̀ jù nínú ọ̀nà omi, tàbí ẹ kò dúró kó rin. Òwú tó bá ti jó, kì í padà sípò. Ẹ yọ ọ́.
- Ó ń jò: òwú kò bo ọ̀nà omi, rọ́bà kan ti ya, tàbí ẹ rọ omi sí i láìti ihò afẹ́fẹ́. Ní ti RDA oníhò ìsàlẹ̀, ẹ ti kán omi jù.
- Ó ń hó gbùdùgbùdù, omi gbígbóná sì ń ta sí ahọ́n: omi ti kún abẹ́ kọ́ìlì. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹ fi tíṣù bo ìdí rẹ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ láti ẹnu.
- Kò jò, kò jó, síbẹ̀ kò ládùn: ẹ wo ibi tí kọ́ìlì wà sí ihò afẹ́fẹ́. Bó bá dára, ẹ mu omi tútù, kí ẹ fi omi yẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ahọ́n náà máa ń sú.
- Ẹ̀rọ kọ àṣìṣe sójú, kò tan iná: ẹ wá ẹsẹ̀ wáyà tó fara kan ìdérí.

Òwú, mo máa ń pààrọ̀ tèmi lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí nígbà tó bá ti dúdú. Kọ́ìlì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ yọ òwú, ẹ tẹ bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀ lórí iná kékeré kí èérí rẹ̀ jó, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan pẹpẹ. Bí wáyà bá ti bàjẹ́ tàbí tó ti tínrín, ẹ wé òmíràn.

Bí gbogbo èyí bá ti ń sú yín bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ máa lo táǹkì tí kọ́ìlì rẹ̀ ti wá láti ilé iṣẹ́, ẹ kò ṣẹ̀. Àwọn kan wà tí ìsàlẹ̀ wọn lè gba kọ́ìlì ilé iṣẹ́ lónìí, tí wọ́n sì ń ta pẹpẹ àfọwọ́wé tó bá a mu lọ́tọ̀. Ẹni tí kò dá a lójú lè fi ìyẹn kọ́ ọwọ́.

Mo ti gbàgbé ọyẹ́. Láàárọ̀ oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, pàápàá ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbi tí òkè ti yí ìlú ká, omi vape tó nípọn máa ń ki sí i, kì í tètè gun òwú. Àwọn èèyàn á rò pé kọ́ìlì ló bàjẹ́. Ẹ fi ìgò náà sápò ṣòkòtò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó rọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìfà kan jìnnà sí èkejì títí oòrùn á fi yọ.